Bí Ẹjọ́ Kò Bá Gbè Wá, Ṣé Ẹrù Wa Ti Lọ Nìyẹn?

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ohun tí ẹni tó ti kóòtù dé lọ́wọ́ òfo yóò ṣe. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbà tí àwọn àti ẹni tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù pín yà, ẹni náà gbẹ́sẹ̀ lé máṣíìnì wọn méjì. Wọ́n pe ẹjọ́, adájọ́ wọ́gi lé e. Iṣẹ́ dúró, owó ilé-ìwé ọmọ sì ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti fa ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Agbẹjọ́rò kan ló ka ìwé ìdájọ́ náà fún wa. Ó ní ẹjọ́ tí a wọ́gi lé kì í ṣe ẹjọ́ tí a dà nù. Èyí tí a wọ́gi lé nítorí àbùkù inú ìlànà ṣì ṣeé gbé padà wá. Èyí tí adájọ́ gbọ́ délẹ̀ tó sì dà nù, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìkan ló kù fún un. Láti Ilé-ẹjọ́ Gíga sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, oṣù 3 ni òfin Nàìjíríà fún ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn kò tẹ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n pípe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan kò dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. A gbọ́dọ̀ bẹ kóòtù lọ́tọ̀ pé kí ó pàṣẹ kí wọ́n má ta ẹrù náà.

Kí ló wá ṣe ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi? Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n béèrè ẹrù wọn, tí ẹni náà sì kọ̀ láti dá a padà. Orí ìbéèrè àti kíkọ̀ yìí ni ẹjọ́ ìgbẹ́sẹ̀lé-ẹrù dúró lé. Agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà, ó dárúkọ máṣíìnì kọ̀ọ̀kan, ó sì fún un ní ọjọ́ 7.

Máṣíìnì kan padà wálé. Ìkejì ti di títà. A ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ padà lọ, torí pé bí ẹrù kò bá sí mọ́, kóòtù lè pàṣẹ kí a san iye tó tó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹjọ́ kò bá gbè yín, ẹ má lọ já ilẹ̀kùn ẹlẹ́kùn. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́, kí ẹ sì ka ìdí rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ.