Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Ẹ̀sùn Olè

Àwọn àgbà a máa wí pé, ‘Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.’ Ìwà tèmi tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí n kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó dá ẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ní ọdún 1983 ni bàbá mi ra Peugeot 504 kan ní Kàdúná, ìlú tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ọdún 1975. Nígbà tí bàbá kú, èmi ni ọkọ̀ náà kàn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gbó, nítorí náà mo ní kí mẹkáníìkì kan fi ẹ́ńjìnì Toyota tòkúnbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Kábúrétọ̀ ni ti àtijọ́ ń lò. Ṣùgbọ́n nọ́sùlù ni ó ń fọ́n epo sínú tuntun yìí, àpótí kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọpọlọ ni ó sì ń pàṣẹ iye tí yóò fọ́n.

Ọdún 2023 ni èyí, ọdún tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ni ó máa ń wa ọkọ̀ náà lọ sí Sáríà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, epo ọ̀sẹ̀ kan kò tó wa lò fún ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Mo bi í léèrè. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ gbà mí gbọ́, ọkọ̀ yìí ni ó ń mu ún.’ Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pè é ní olè níwájú àwọn ọmọ mi. Ní ọjọ́ kejì ó kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin.

Èmi fúnra mi wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Epo tún tán. Nígbà náà ni mo tó kíyè sí ohun tí ó ti wà níwájú mi tipẹ́: èéfín dúdú ń jáde nídìí sálẹ́ńsà, òórùn epo gba inú ọkọ̀, púlọ́ọ̀gì sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó wọn agbára tí epo fi ń wá, ó dára. Ó wo nọ́sùlù, kò jò. Ó wá fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ tí ń sọ fún ọpọlọ bí omi ẹ́ńjìnì ti gbóná tó. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa, nǹkan bí 300 óòmù ni ó yẹ kí mítà kà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan, ó ju 600 lọ, bí ẹni pé ẹ́ńjìnì kò tíì yá. A ra sẹ́ńsọ̀ mìíràn; ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sọ. Ríwáyà ní, ‘Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ yìí kò purọ́ o. Ẹ́ńjìnì yín ni kò gbóná.’

Ó tú ibi tí tẹ́mósítáàtì máa ń wà; òfìfo ni. Ohun kékeré yìí ni ó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnì títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 82, kí ó tó jẹ́ kí ó ṣàn lọ sí rédíétọ̀. Mẹkáníìkì ti yọ ọ́ sọnù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ilẹ̀ wa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi nílò rẹ̀. Nínú ọyẹ́, ẹ́ńjìnì ń tutù lórí ìrìn, ọpọlọ sì ń bu epo kún epo bí ẹni tí ń dá iná òwúrọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kejì, tí ì bá tọ́ èéfín wò kí ó sì kìlọ̀ pé epo ti pọ̀ jù, kò sí níbẹ̀, nítorí sálẹ́ńsà àtijọ́ kò ní ihò fún un. Aago ooru tí ó wà níwájú awakọ̀ kò sì ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Èmi ni n kò bìkítà.

A fi tẹ́mósítáàtì sí i, a ṣe ihò fún sẹ́ńsọ̀, a da ọ́ìlì tí epo ti dà pọ̀ mọ́ nù. Èéfín dúdú dáwọ́ dúró.

Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìlọrin, mo sì mú àwọn ọmọ mi dání, kí etí tí ó gbọ́ ẹ̀sùn lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì bẹ ọmọ rẹ̀. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò bá mi padà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tẹ́mósítáàtì ṣeé rà lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọ náà kò ní ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹyin ni ohùn.