Ìjì Tí Ó Jà Lójú Òkun

Ní oṣù kẹsàn-án, bí ojú ọ̀run bá ṣú, apá ìlà-oòrùn ni gbogbo wa máa ń wò kí a tó sáré kó èlùbọ́ tí a sá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjì ti ń wá, ìwọ̀-oòrùn ni ó sì ń lọ. Bí ó bá ti kọjá tán, a kì í bèèrè ibi tí ó gbà lọ mọ́.

Òjò tí ó pa wá gan-an kọ́ ni ó ń rìn dé òkun o. Ṣùgbọ́n lápá òkè lọ́hùn-ún, láti ilẹ̀ Nìjẹ̀r àti Málì títí dé Sẹ̀nẹ̀gàl, afẹ́fẹ́ máa ń lọ bí ìgbì omi, a sì máa ru òjò sókè bí ó ti ń lọ. Bí 60 irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ́ sí Òkun Àtìláńtíìkì lọ́dún. Púpọ̀ nínú wọn a kú láìní orúkọ.

Ti ọdún 2019 kan kò kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ó fi etí òkun ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 23, wọ́n ti sọ ọ́ ní Lorenzo. Oúnjẹ irú ìjì yìí ni omi òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 26 tàbí 27. Oru omi a gòkè, a di kùrukùru, ooru tí ó gbé lọ a sì tú jáde. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ a wá sáré wọlé láti dí àlàfo náà. Yíyí tí ayé ń yí ni ó ń mú kí gbogbo rẹ̀ máa yí bí òkòtó. (Agbára yíyí yìí kéré nítòsí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Kùtọnú kò fi rí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́.)

Ní ọjọ́ 29, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré 260 kìlómítà ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ó ń bá a lọ sí apá àríwá, ó bọ́ sínú omi tútù, oúnjẹ tán. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ó kọjá lẹ́bàá àwọn erékùṣù Azores, ó ba èbúté Lajes das Flores jẹ́, ó sì ń kú lọ.

Àwọn ènìyàn a máa sọ nípa irú ìjì báyìí pé, “Kò ṣe nǹkan kan, ojú òkun ni ó wà.” Ọ̀rọ̀ yìí kò bá wa lára mu, àwa tí ọmọ wa ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án náà, ọkọ̀ kan tí a fi ń fa ọkọ̀ mìíràn, Bourbon Rhode, ń ti Las Palmas lọ sí Guyana. Ènìyàn 14 ni ó wà nínú rẹ̀. Lorenzo ká a mọ́ ojú omi, omi ya wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rì. Ní ọjọ́ 28 wọ́n rí mẹ́ta láàyè nínú ọkọ̀ kékeré ìgbàlà. Wọ́n rí òkú mẹ́rin. Wọ́n wá àwọn méje tó kù títí, wọn kò rí wọn.

Láti ìgbà náà, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kọkànlá, bí ọmọ wa bá pè wá láti ojú omi, kí a tó bèèrè bóyá ó ti jẹun, a ó ti kọ́kọ́ bèèrè orúkọ ìjì tí ó wà níwájú wọn.