Ìwé Pélébé Onígángan

Gángan mi kì í bá spíkà àti jẹnẹrétọ̀ wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Orí itan mi ló ń wà láti Ìbàdàn títí a ó fi dé ibi tí a ń lọ. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi ìka tọ àwọn ọ̀sán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀sán tó fẹ́ já kì í kéde. Ọ̀kan já mọ́ mi lábíyá n'Íléṣà, bí wọ́n ṣe ń mú ìyàwó wọlé gan-an. Mo ta á ní kókó, mo ń lù ú lọ, àmọ́ ohùn òkè kò jáde dáadáa mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

*

Ọyẹ́ a máa mú kí awọ le, kí ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ. Òjò ló ń sọ ọ́ di jọ̀bọ̀tọ̀. Lóṣù Keje, òjò bá wa lábẹ́ kánópì n'Íjẹ̀bú-Òde. Mo gbé ìlù lọ sídìí ààrò àwọn olóùnjẹ, mo jìnnà síná díẹ̀, mo ń yí i síwá sẹ́yìn. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bó bá sún mọ́ iná jù, ó parí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ṣì rọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ta mí nọ́wọ́ padà. Mo mọ̀ pé ó ti yá.

*

Ìdí ààrò yẹn náà ni mo ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ mi. Kò sí òde tí mo dé tí n kì í wá ìyá àgbà kan lọ níbẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.”

“Òo, Àyàn. Ẹ ti dé?”

“A ti dé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, orílẹ̀ wo ni bàbá ọlọ́jọ́ ìbí?”

Ó fi orógùn ti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. “Ọ̀pọ́múléró ni bàbá wọn. Àmọ́ Oníkòyí ni ìyá tó bí wọn. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ kì wọ́n, ẹ ó rí wọn.”

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé bàbá, ọkùnrin ẹni 70 ọdún náà ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo yà sí ilé ìyá rẹ̀. Ó dúró gbọin láàrin agbo, ó ṣí fìlà, ó sì ń wo ilẹ̀.

*

Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀: mẹ́ta yìí nìkan ni gángan rí gbà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Bẹ́ẹ̀, orúkọ púpọ̀ ló ní ohùn kan náà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pe orúkọ lásán. A ó fi oríkì tì í lẹ́yìn kí etí lè dá ẹni náà mọ̀. Onílù tí kò gbọ́ oríkì, ariwo ló ń pa. Iṣẹ́ yìí kò rẹ ọba pàápàá sílẹ̀: Ọba Adétóyèsè Láoyè, tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 sí 1975, ń lu ìlù fúnra rẹ̀ lórí oyè. Mo máa ń rántí bàbá yẹn bí wọ́n bá ní kí onílù gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

*

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan tó ráyè nínú orin jùjú. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ló gba àwa onígángan là, torí kó tó dé, ìlù á bo gìtá mọ́lẹ̀.

*

Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka nínáwó náírà lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn sì wà nídìí rẹ̀. Láti 2024 tí àjọ EFCC ti gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ọwọ́ ti rọ̀ níbi tí a ń lọ. Èmi fara mọ́ òfin náà, torí ó ń dùn mí láti rí owó lábẹ́ bàtà. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wa níwájú orí ni a ń pín láàárọ̀, òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sanwó ilé ìwé ọmọ. Ó yẹ kí iye tí oníkálukú máa gbà wà nínú àdéhùn kí ọkọ̀ tó gbéra.

*

Ọjọ́ Sátidé ni òde pọ̀ jù. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ mi kejì bọ́ sí Sátidé. Àkúrẹ́ ni mo wà, ọmọ ẹlòmíràn ni mo ń lùlù kí káàbọ̀. Ìyàwó mi gbé fóònù sétí ọmọ, mo sì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹ̀yìn kánópì.

*

Inú oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni òde ń dín kù. Ìgbà yẹn ni mo ń pààrọ̀ awọ, tí mo ń sun oorun alẹ́ bí èèyàn.

*

Ẹ̀yin tí ẹ ó pe eléré lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá onílù lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ orílẹ̀ bàbá yín fún un. Ẹ má gbàgbé ti ìyá yín.