Ìdúró ni iṣẹ́ wa: ọjọ́ kan níwájú kámẹ́rà ní Bódìjà

Ẹni tí ó ń wo sinimá àgbéléwò nínú yàrá rẹ̀ lè rò pé eré síṣe ni iṣẹ́ òṣèré. Níbi tí owó kò bá ti tó, ìdúró ni iṣẹ́ wa gan-an.

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa ní ilé kan tí wọ́n gbà fún ọjọ́ kan ní Bódìjà. Mo gbé àpò aṣọ mi wá láti Agbówó, nítorí pé nínú irú iṣẹ́ báyìí, bí wọ́n bá ní kí o ṣe olówó, ìwọ ni yóò mọ ibi tí o ti máa yá agbádá. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó ya ìran àkọ́kọ́. Iná ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ tiwa wà lókèèrè, ṣùgbọ́n ti aládùúgbò ń ké lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, ó pa á fún ogún ìṣẹ́jú. (Kò jẹ wá ní gbèsè kankan, àwa ni a wá yọ ọ́ lẹ́nu.)

Kámẹ́rà ẹyọ kan ni a ní. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi inú eré bá ara wa sọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sọ ọ́: kámẹ́rà kọjú sí mi, ó kọjú sí i, ó sì tún wo àwa méjèèjì. Bí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún náà ni n óò máa fi gbé e. Nígbà tí ó kan ìran òru, wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé ní ọ̀sán gangan, wọ́n sì pa fáànù nítorí ariwo. Òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àtíkè wa lọ.

Èmi kì í bá àwọn tí ń pẹ̀gàn fídíò kẹ́gbẹ́. Ẹ rántí Ọ̀run Móoru tí olóògbé Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé jáde ní 1982: àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọrùn ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí fídíò gbòde ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ òṣèré ni ó rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí a pàdánù ni ìgbáradì. Aiyé ti Hubert Ògúndé ti jẹ́ eré orí ìtàgé kí ó tó di sinimá. Ọ̀rọ̀ ti mọ́ àwọn òṣèré rẹ̀ lẹ́nu. Tiwa, òru àná ni ó dé sórí WhatsApp.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni a parí. Ìdajì owó ni wọ́n fún wa. Ìyókù di ìgbà tí fíìmù bá bọ́ sórí YouTube. N kò pe olówó iṣẹ́ náà ní ìkà, nítorí mo gbọ́ pé ó yá owó ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn ẹnu lásán ni gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ gba owó ọkọ̀ nìkan, owó náà kò sì gbé e dé Ring Road ní irú aago bẹ́ẹ̀, tí máíkírà ti wọ́n lójú pópó. Àwa mẹ́ta ni a dá owó jọ fún un.

Ìwé ojú kan ni mo ń béèrè: iye owó, ọjọ́ tí a ó san án, aago tí iṣẹ́ yóò parí, àti ẹni tí yóò mú àwọn ọmọdé iṣẹ́ délé bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹgbẹ́ òṣèré lè pàṣẹ pé láìsí ìwé yìí, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ bọ́ síwájú kámẹ́rà. Ní tèmi, n óò béèrè rẹ̀ kí n tó lọ yá agbádá mìíràn.