Súìtì Kì í Pa Ènìyàn Lẹ́kún

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ irọ́ kan tí mo pa fún ọmọ mi.

Kùtọnu ni mo ti ṣe èwe mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ èdè Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ṣòwò níbẹ̀ ni ó fún mi ní àwo orin kan, Mistral gagnant, tí Renaud, ọmọ ìlú Paris, gbé jáde ní 1985. Láti ìgbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní 1975 ni ọkùnrin yìí ti ń fi gìtá àti orin rọ́ọ̀kì bá àwọn aláṣẹ wí. Nínú àwo ti 1985 yìí, ó yin àwa obìnrin pé ìwà ipá kì í ṣe tiwa. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó yọ sílẹ̀, Margaret Thatcher, tí ó ń ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ń ṣa ẹ̀wà, àwo náà sì ń kọrin. Ó kan Morts les enfants, orin àwọn ọmọdé tí ogun àti òṣì ń pa káàkiri ayé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, béèrè pé, “Màmá, kí ni ọkùnrin yìí ń sọ?”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ súìtì ni.”

Irọ́ náà fara jọ òtítọ́. Súìtì kan tí àwọn ọmọ Faransé ń rà nígbà èwe Renaud ni wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ, Renaud sì kọ orin náà fún Lolita, ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi wo ojú mi, ó ní, “Súìtì kì í pa ènìyàn lẹ́kún.”

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé oúnjẹ oríṣi kan kò tó ara, adùn nìkan ni mo fi ń bọ́ ọkàn ọmọ mi! Mo pa àwo náà, mo fà á mọ́ra, mo sì sọ òtítọ́ fún un níwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ní kí n fi àkàrà méjì kún oúnjẹ òun, nítorí ọ̀rẹ́ òun kan tí kì í gbé oúnjẹ wá sí ilé-ìwé. Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ náà. Ó rò pé èmi ni n kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, a máa ń fọ ewúro kí ó tó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n a kì í fọ̀ ọ́ títí kíkorò rẹ̀ yóò fi tán. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe ọ̀rọ̀ ayé fún àwọn ọmọ wa.