L. Herford

Ní 1860, àwòrán kan dé iwájú àwọn àgbà Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù. "L. Herford" ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó yege. Àṣé Laura ni L yẹn! Wọ́n wá inú òfin títí, wọn ò rí ibi tí wọ́n ti ní obìnrin ò gbọdọ̀ wọlé. Ni wọ́n bá gbà á.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ère ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń yà níbẹ̀. Bí ọkùnrin bá ti mọ ère yà, yóò kọjá sí yàrá tí èèyàn gidi ti ń bọ́ra sílẹ̀ fún wọn. Obìnrin ò gbọdọ̀ débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà! Ó di 1893 kí wọ́n tó gbà fún wọn, aṣọ sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tí wọ́n ń yà.

Èmi náà ti ṣe L rí. Ìdíje ìjálá kan ni. Lẹ́tà kan péré ni mo kọ síwájú orúkọ bàbá mi. Tẹ́ẹ̀sì wọlé: "A gbóríyìn fún yín, sà."

Mi ò tún un ṣe. Mo ní ẹ ṣé.