Ọrun Ni Mo Pààrọ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọdẹ ni bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àbúrò mi gbé iṣẹ́ náà dé Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ọfà ló fi ń pa àgbọ̀nrín. Nígbà tí èjìká kò jẹ́ kó lè fa ọrun mọ́, wọ́n fi ọrun onídìí-ìbọn hàn án: ẹ̀rọ ni a fi ń fa okùn rẹ̀ kọ́, ìka kan la fi ń yìn ín. Ó kọ̀, ó ní ti ọ̀lẹ ni. Ọdún méjì ni kò wọ igbó.

Nígbà tó gbà, ó ní: “Bọ̀ọ̀dá mi, ọrun ni mo pààrọ̀, n kò fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ohùn mi ti há, síbẹ̀ n kò jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan darí ìṣọ́ òru. Ísáákì pàápàá, nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, Ísọ̀ ló rán lọ ṣọdẹ.

Mo ti yọ̀ǹda. Kí ni ẹ̀yin náà dì mú? Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n. Àmín.